Èyí Tó Fúyẹ́ fún Èjìká Òsì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ìfẹ́ àti ẹ̀rù kì í gbé inú ilé kan náà, ẹ ò tíì gbọ́ ìtàn Abẹ́rẹ́ ni. Ọmọbìnrin yìí bẹ̀rù wọnú ìfẹ́, ó bẹ̀rù jókòó síbẹ̀, díẹ̀ báyìí ló kù kó bẹ̀rù jáde. Láptọ́ọ̀pù ló sì dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ló sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, nítorí pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ sì pé. Bàbá rẹ̀ ti kú kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Nígbà tó rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ wọ̀, tí wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ wá, ìyá wo ẹ̀rọ ìránṣọ méjèèjì tó wà ní iyàrá, ó ta ọ̀kan.

Ó kó owó náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Gbogbo ohun tó wà nìyẹn o. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ ni kó o rà, o sì mọ ìdí."

Abẹ́rẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá ló ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé-ìwé, eegun èjìká òsì rẹ̀ sì yẹ̀. Ẹni tó tò ó kò tò ó dáadáa. Láti ìgbà yẹn, bí nǹkan tó wúwo bá ti kọ́ ọ lápá òsì, eegun náà á tún yọ kúrò ní àyè rẹ̀, ọwọ́ á kú, ohun tó bá dì mú á sì já bọ́. Èjìká náà gan-an ti wálẹ̀ ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀? Gbogbo aṣọ tí ìyá bá rán fún un ló máa ń fi tìmùtìmù kékeré sí lábẹ́ èjìká òsì, tí méjèèjì á fi dọ́gba bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà.

Ìyá á ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní wo ojú rẹ mọ́. Èjìká ni wọ́n á máa wò."

Bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù nìyẹn, tí àyà rẹ̀ ń já bí ẹni tó wá jalè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n kan wà lórí tábìlì rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun, kò sì jẹ́ ta láptọ́ọ̀pù kankan láìkọ́kọ́ gbé e lé e kí ẹni tó ń rà á fojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá fẹ́ gbéyàwó, á wọn ọmọbìnrin náà wò ná.

"Ẹ káàsán o," ó kí i. "Irú wo lẹ fẹ́?"

"Èyí tó fúyẹ́."

Òṣùwọ̀n gbójú sókè. "Àwọn ẹlòmíì, èyí tó yára ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. Tàbí èyí tó rẹwà. Kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe?"

"Màá máa fi kàwé, màá sì máa fi kọ̀wé. Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni mò ń lọ."

Ó gbé mẹ́ta jáde. Ojú ti àkọ́kọ́ fẹ̀, ó ń dán, owó rẹ̀ sì bá ti Abẹ́rẹ́ mu. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, ọwọ́ òṣùwọ̀n náà sáré dé ibi tó mú kí ọmọbìnrin náà gbé itọ́ mì. Èkejì tín-ín-rín, ó tuntun, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ á ra ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta. Ẹ̀kẹta kéré, ó fúyẹ́ lórí òṣùwọ̀n, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti ṣá, àwọn lẹ́tà kan ti pa rẹ́ lára bọ́tìnnì rẹ̀.

"Èyí ni mo máa rà ká ní èmi ni yín," Òṣùwọ̀n wí, ó fọwọ́ lu ẹ̀kẹta. "Ẹ má wo ojú rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ṣì dára, ìwé kíkọ ò sì le fún un. Ọpọlọ, ìyẹn ibi tó ń kó nǹkan pa mọ́ sí, la lè fi kún un tó bá yá tọ́wọ́ yín bá dẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwúwo, tẹ́ ẹ bá ti rà á, kò sẹ́ni tó lè bù ú kúrò."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Abẹ́rẹ́ lára. Ó gbé ẹ̀rọ náà sápá ọ̀tún, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà.

"Ẹ tún gbé e sí òsì wò," ni Òṣùwọ̀n wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe apá kan lèèyàn ń lò láyé."

Jìnnìjìnnì bo ọmọbìnrin náà. Ṣé ó ti rí i ni? Ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ láìmọ̀. Tìmùtìmù wà níbẹ̀.

"Kò pọn dandan," ló dáhùn. "Mo ti rà á."

Ọkùnrin náà di ẹ̀rọ náà sínú báàgì, ó ju ṣájà rẹ̀ sínú ọ̀rá mìíràn, ó ní kó máa padà wá kí òun máa bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe láptọ́ọ̀pù ló fẹ́ máa yẹ̀ wò.

Ilé ni Abẹ́rẹ́ ti gbé ṣájà yẹn sọ́wọ́, tó rí i pé nǹkan dúdú ńlá ọ̀hún fẹ́ wúwo tó ìdajì ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Wọn ò gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ó ní kò burú, òun á máa fi apá ọ̀tún gbé e.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ kò tíì parí tí apá ọ̀tún fi kún fún ìwé tí wọ́n pín. Báàgì láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú ṣájà wá bọ́ sápá òsì, ó ń gun àtẹ̀gùn, èrò ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó gbọ́ "kọ̀" nínú èjìká rẹ̀. Ọwọ́ kú. Báàgì já bọ́, ó sì ń ta gbọ̀ngbọ̀n lọ títí dé ìsàlẹ̀.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọgbọ́n dá eegun náà padà, ó rọra ṣe é, ó gé ètè jẹ kí igbe má bàa jáde. Kì í ṣe ìrora ló pa á lẹ́kún. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ló rí tó ń yí lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn. Nígbà tó ṣí láptọ́ọ̀pù, ojú rẹ̀ ti là láti òkè dé ilẹ̀.

Ta ló máa sọ fún? Tó bá délé, ìyá á dákú. Ìyẹn ló gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù Òṣùwọ̀n.

"Ye! Kí ló ṣe é?"

"Ẹnì kan ló sáré kọjá lórí àtẹ̀gùn. Ó gbá mi."

Irọ́ nìyẹn. Ó rọrùn bí ẹni mumi.

Òṣùwọ̀n kò béèrè mìíràn. Ó tú ojú ẹ̀rọ kan tó ti kú, ó fi rọ́pò èyí tó là, ó tún bá a nu bọ́tìnnì rẹ̀. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó nínú àpò, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ṣáà máa yà kí mi."

Ó yà kí i. Ó tún yà. Kò pẹ́ tí "ẹ" di "o" lẹ́nu ọkùnrin náà, tí àga kan sì di àga Abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí oníbàárà kankan kò gbọ́dọ̀ jókòó sí. Á máa kàwé, Òṣùwọ̀n á máa tú kọ̀ǹpútà, wọ́n á jọ máa rojọ́. Lọ́jọ́ tí Òṣùwọ̀n sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀. Ṣúkúrúù kékeré kan tó tú lára kọ̀ǹpútà ló ń wò lọ́wọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò mọ ọ̀rọ̀ í sọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n tó ò bá wá, iṣẹ́ kì í wù mí í ṣe. Fẹ́ mi."

Inú Abẹ́rẹ́ dùn dé góńgó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá gbá a mú. Ọkùnrin tó máa ń wọn gbogbo nǹkan kó tó gbé e jáde! Ọjọ́ tí ìyẹn bá wọn òun ńkọ́? Ó ní kó fún òun láyè. Ó délé, ó sunkún sínú ìrọ̀rí bí ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀.

Wọ́n ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọdún kan fi kọjá, kí Òṣùwọ̀n tó rán alárinà. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni, onídìrí, obìnrin tó lè bá ògiri sọ̀rọ̀ kí ògiri dá a lóhùn. Gbogbo èèyàn ń pè é ní Àǹtí.

"Màmá Abẹ́rẹ́," Àǹtí bẹ̀rẹ̀ bó ṣe jókòó, "a rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ọmọ wa ní òun ò lè kọjá."

Ìyá kò gbójú kúrò lórí aṣọ tó ń rán. "Ọmọ yín tó ń ta àlòkù?"

"Àlòkù ló ń tà, wọn ò tíì lo òun fúnra rẹ̀ rárá!"

Abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ òun parí ẹ̀kọ́ ná. Ó ní ọkọ ò ní tán láyé. Àǹtí rojọ́ títí itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀, kí ìyá tó gbà pé kí Abẹ́rẹ́ lọ kí àwọn òbí ọkùnrin náà.

Bí Àǹtí ṣe jáde ni ìyá pe ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o ti sọ fún un?"

"Rárá, mà."

"Má sọ ọ́. Tí ẹ bá ti ṣègbéyàwó tán, kó tó mọ̀."

"Màmi, aṣọ kì í wà lára èèyàn tọ̀sán-tòru."

Ìyá gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀. "Èmi náà mọ̀," ló wá sọ. "Kí lo rò pé kì í jẹ́ kí n sùn?"

Ó rán aṣọ tuntun fún ìbẹ̀wò náà. Tìmùtìmù rẹ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá Òṣùwọ̀n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí. Obìnrin tó sígbọnlẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ilé wọn mọ́ tónítóní. Ẹ̀gbọ́n Òṣùwọ̀n obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ jòjòló náà wà lọ́wọ́ màmá àgbà rẹ̀, ó fi aṣọ funfun wé e. Wọ́n kí Abẹ́rẹ́ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Àǹtí pa á lẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni ìyá Òṣùwọ̀n bá dìde, ó na ọmọ náà sí i.

"Gbà á, ìyàwó wa. Jẹ́ ká wo bí ọmọ ṣe yẹ ọ́."

Abẹ́rẹ́ wo ọmọ náà. Orí rẹ̀ kò ju ọsàn ńlá lọ. Etí Abẹ́rẹ́ ń gbọ́ "kọ̀" yẹn, ó ń rí báàgì tó ń ta gbọ̀ngbọ̀n lọ sí ìsàlẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Mi ò lè gbé e, mà."

Ẹnu ya gbogbo wọn.

"Kí lo wí?"

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò lè gbé e."

"Ọmọ ni mo ní kó o gbé," ìyá Òṣùwọ̀n wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kì í ṣe àpò sìmẹ́ǹtì."

"Bóyá ọwọ́ ìyàwó wa ò mọ́ ni," Àǹtí já lu ọ̀rọ̀ náà, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò débì kan. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá Òṣùwọ̀n fa ọmọ náà mọ́ra, ó padà lọ jókòó, kò sì tún bá Abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí wọ́n fi jáde.

Ojú ọ̀nà ni Òṣùwọ̀n ti dá a dúró. "Kí ló dé? Ṣé o ò fẹ́ràn ọmọ ni? Sọ fún mi, kí n mọ ohun tí màá sọ fún wọn nílé."

Irọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wá sí Abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ ló rọrùn. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó rí i pé òun ò lè fi ìkankan nínú wọn kọ́ ilé.

"Kò sẹ́ni tó gbá mi," ó ní.

"Níbo?"

"Lórí àtẹ̀gùn, lọ́jọ́ tí láptọ́ọ̀pù já bọ́. Èjìká mi ló yẹ̀. Ó máa ń yẹ̀. Ohun tí mo bá dì mú á sì bọ́. Ká ní ọmọ yẹn ló wà lọ́wọ́ mi..." Ẹkún gbà á lẹ́nu.

Òṣùwọ̀n dúró bí òpó. "Láti ọjọ́ yẹn? O jókòó tì mí gbogbo àsìkò yìí, o ò sọ?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Èmi ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Ọkùnrin náà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà wọn, ó sì yí padà, ó lọ.

Fóònù kò dún lọ́jọ́ kejì. Kò dún lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ ò lè jẹun. Bí ọ̀kadà bá kọjá, á dìde. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, á sáré ṣí i, oníbàárà tó fẹ́ gba aṣọ sì ni. Ìyá ń wò ó, ó ń mi orí.

"Mo wí i àbí mi ò wí i?"

"Ẹ wí i, mà. Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ló bojú wo fèrèsé, tó rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán: Òṣùwọ̀n, ìyá rẹ̀ tó gbé ọmọ jòjòló yẹn dání, àti Àǹtí lẹ́yìn wọn. Òṣùwọ̀n gbé nǹkan kan tó wúwo tí wọ́n fi aṣọ bò. Àwọn àgbà kì í wá síra wọn nílé lọ́nà báyìí bí kì í bá ṣe láti wá sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán.

"Màmi, wọ́n ti dé," ló sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ìyá gbé àga fún wọn. Òṣùwọ̀n ló ṣí aṣọ kúrò lórí ẹrù rẹ̀. Òṣùwọ̀n orí tábìlì rẹ̀ ni.

"Gbé láptọ́ọ̀pù rẹ wá," ó ní. "Àti ṣájà rẹ̀."

Ó gbé ẹ̀rọ náà lé òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà ló gbé ṣájà lé e, tí ọwọ́ òṣùwọ̀n náà fò sókè.

"Lọ́jọ́ tí mo tà á fún ọ, mi ò wọn ṣájà," ó ní. "Mo mọ̀ pé ó wúwo. Mi ò fẹ́ kó o sọ pé o ò rà á mọ́, kó o lọ, kí n má sì rí ọ mọ́. Láti ọjọ́ tó o ti sọ̀rọ̀ fún mi ni mò ń rò ó. Ó dùn mí pé o parọ́ fún mi, ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni èmi náà tà fún ọ, èjìká rẹ ló sì san án. Mo ti wá ṣájà kejì, mo tọrọ àyè fún un ní ibi ìkàwé yín. Ọ̀kan á wà nílé, ọ̀kan á wà lọ́hùn-ún. O ò ní gbé e rìn mọ́."

Abẹ́rẹ́ ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Ṣùgbọ́n ojú ìyá Òṣùwọ̀n ló ń wò. Ẹ̀rù ibẹ̀ kò tíì kúrò.

"Mo bínú sí ọ," obìnrin náà bẹ̀rẹ̀. "Mo délé, mo ní ọmọbìnrin yìí ò ní wọlé mi. Ìgbà tí ọmọ mi wá ṣàlàyé, mo dákẹ́. Mo ti gbẹ̀bí ọmọ tí mi ò lè kà. Àwọn tó ń já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi láìronú, àwọn ló máa ń bà mí lẹ́rù. Ìwọ mọ̀ pé ojú á tì ọ́, o ṣì kó ọwọ́ sẹ́yìn nítorí ọmọ ọlọ́mọ." Ó gbé ọmọ náà fún Àǹtí, ó dìde. "Jẹ́ kí n wo èjìká náà."

Ó gbọ́wọ́ lé e. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ rú. "Kí ló rọ̀ báyìí?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ ló dìde lórí àga ìránṣọ, tí omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Èmi ni, mà," ó ní. "Èmi ni mo ń fi síbẹ̀. Mo rò pé mò ń ṣọ́ ọmọ mi ni."

"Ìyá ni yín," ìyá Òṣùwọ̀n dá a lóhùn jẹ́jẹ́. "Ta ló máa dá yín lẹ́bi?"

Aránṣọ náà mú abẹ tó fi ń tú aṣọ. Ó súnmọ́ ọmọ rẹ̀, ó tú ojú rírán lẹ́yìn èjìká òsì, díẹ̀díẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì fa tìmùtìmù náà jáde. Aṣọ náà wálẹ̀ lápá kan. Fún ìgbà àkọ́kọ́, èjìká Abẹ́rẹ́ wà bó ṣe wà lójú ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ fi ọwọ́ bò ó. Òṣùwọ̀n di ọwọ́ náà mú.

"Ibí yìí lo fi ń sá fún mi?" ó béèrè. "Ibí kékeré yìí?"

"Jókòó," ìyá Òṣùwọ̀n pàṣẹ fún Abẹ́rẹ́. "Fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹni tó bá jókòó, tó fẹ̀yìn tì, itan rẹ̀ ló ń gbé ọmọ, kì í ṣe èjìká. Mú ọwọ́ ọ̀tún wá sábẹ́ ìdí rẹ̀. Ṣé o rí i? Èmi wà níbí. Tó bá yẹ̀, màá mú un."

"Mà, ẹ̀rù ń bà mí."

"Kó máa bà ọ́. Gbà á."

Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ Àǹtí, ó gbé e lé Abẹ́rẹ́ lára. Orí kékeré yẹn yí díẹ̀, ó ń wá ibi tó máa sinmi sí, ó sì lọ bọ́ sínú kòtò èjìká òsì, níbi tí tìmùtìmù wà láti ọjọ́ yìí wá. Ó bá a mu rẹ́gí. Àǹtí ṣí ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. Abẹ́rẹ́ ò mí, kò mira, ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ọmọ náà kò tilẹ̀ mọ̀. Ó yán, ó sì sùn lọ.